Ohun Tí Wòlíì Náà Sọ Nípa Mi

Ilé tí mò ń gbé, ilé ìyá ìyá mi ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kò jìnnà sí títì Adéníji Adélé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn baba ńlá wa tó ti Bùràsíìlì dé ló kọ́ ọ, wọ́n sì gbẹ́ òdòdó sí etí fèrèsé rẹ̀, àmọ́ òjò ti jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo kù lókè. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kú, àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun, ọkọ mi náà sì ti lọ sinmi. Nísàlẹ̀, Àlàájá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ àti èlò ọbẹ̀ ní ọjà Sandgrouse ni ayálégbé wa. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ló ni ilé.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń rán: aṣọ funfun tí àwọn akọrin ń wọ̀, aṣọ àwọn ọmọ tó ń gbé àbẹ́là, àti ti àwọn àlùfáà nígbà mìíràn. Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni máṣíìnì mi wà, nítorí ìmọ́lẹ̀.

Ní ìdojúkọ fèrèsé yẹn, wọ́n kọ́ ilé tuntun kan sí ibi tí ilé àtijọ́ kan ti wó. Ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, họ́ọ̀lù ló wà lókè. Wòlíì kan wá gba họ́ọ̀lù náà, ó sì gbé sípíkà síta, ẹnu rẹ̀ kọjú sí mi gan-an. Mo ti mọ ohùn ọkùnrin náà dáadáa kí n tó rí ojú rẹ̀. Ìsìn ọ̀sán ló ń ṣe, fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó bá ráyè jáde. Ọjọ́bọ̀ ni èyí tó le jù nínú wọn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, obìnrin ni. Ṣómólú ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kan ní Màrínà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti sọ ọ́ di àṣà pé tó bá di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, yóò sáré wá jẹun lọ́dọ̀ mi kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà yẹn, Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀sẹ̀ mi ń bẹ̀rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti wọlé ọkọ, kò sì tíì bímọ. Àwọn dókítà yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, kí wọ́n ṣe sùúrù. Sùúrù rọrùn fún dókítà láti kọ sílẹ̀. Ọmọ mi ló ń wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn tó ń wo ikùn rẹ̀, òun ló ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ tí wọ́n á ti máa sọ fún un pé, “Tìẹ náà ń bọ̀ lọ́nà.” Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ọ́fíìsì, tí òun náà ti bá a wá jẹun lọ́dọ̀ mi rí, ló mú un lọ sí họ́ọ̀lù yẹn.

Ó dé láti ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ń dán. “Màámi, wòlíì yẹn ríran o. Ó pè mí jáde láàárín èrò. Ó ní òun rí mi tí mò ń sunkún lórí ibùsùn.”

Mo ní, “Obìnrin wo ni kì í sunkún lórí ibùsùn?”

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi.

Ó bẹ̀ mí títí mo fi tẹ̀lé e lọ lẹ́ẹ̀kan. Wòlíì náà kéré sí ohùn rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ju ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Kóòtù rẹ̀ jókòó sí èjìká dáadáa, mo sì mọ̀ pé ẹni tó rán an mọ iṣẹ́. Ó ka ìdajì ẹsẹ Bíbélì kan, ó pa ìwé náà dé, kò sì ṣí i mọ́ títí a fi parí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ìjókòó. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó dúró. Ó ní òun rí ilé àtijọ́ kan tí òdòdó wà lára rẹ̀, òun rí obìnrin kan tó ń fi òwú so nǹkan. Ọmọ mi gbá ọwọ́ mi mú.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó ní, “Ta ló sọ fún un, Màámi? Ta ló sọ fún un?”

Mo ní, “Ẹni tó mú ọ wá síbí. Ṣebí ó ti jẹun nílé mi, ó sì rí máṣíìnì mi.”

 Ó yá ẹsẹ̀, ó ṣáájú mi dé ìsàlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Ọjọ́bọ̀ ti yí padà. Ó ṣì ń yà, ṣùgbọ́n á ní òun ń gbààwẹ̀. Mo máa di oúnjẹ sínú kúlà fún un, á gbà á tọwọ́tọwọ́, á dúpẹ́. Nígbà tó di Gúùdù Fúráìdè, mo se fréjọ̀n bí a ti máa ń ṣe é nílé wa: ẹ̀wà tí a lọ̀ tó kúnná, tí a sẹ́, tí a wá fi omi àgbọn sè. Láti kékeré ni ọmọ mi ti máa ń jókòó ti ìkòkò yẹn. Lọ́dún yẹn, kò tilẹ̀ wo ìkòkò náà. Ó ní kí n bu tòun sínú kúlà, ó gbé e, ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àlàájá gòkè wá bá mi. Kì í sábà gòkè, nítorí orúnkún rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó mí.

“Màmá Aránṣọ, ẹ má bínú o. Mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ.”

“Kí ló dé, Àlàájá?”

“Ọmọ yín ni. Mo rí i nídìí gọ́tà tó wà lókè ọ̀hún. Ó da oúnjẹ inú kúlà yẹn nù. Kì í sì ṣe pé ó kàn dà á nù. Ó ń gbàdúrà lé e lórí bó ṣe ń dà á.”

Mo ní ó ṣeun. Mo dìde, mo fọ ìkòkò. Mo rántí pé mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan lára rẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n wá. Ọ̀sán Sátidé ni. Ọmọ mi ló ṣáájú, wòlíì tẹ̀lé e, àwọn obìnrin ìjọ náà kan sì wà lẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n jókòó. Ọmọ mi nìkan ló fẹ́ jókòó, ó wo ojú wòlíì, ó tún dìde.

Wòlíì ní, “Ìyá, a ò bá ìjà wá. Ìfẹ́ ló gbé wa wá. Ohun tí ẹ dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u.”

“Kí ni mo dì?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n.”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ rí i, ẹ sọ ọ́.”

Ó na ọwọ́ sí máṣíìnì mi. Ó ní òwú tí mo fi ń rán aṣọ ilé Ọlọ́run, òun náà ni mo fi so ilé ọmọ tó wà nínú ọmọ mi. Ó ní mo ti gba ìpín rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ kò le, kò pariwo. Bí dókítà ni, bí ẹni tó ń sọ ohun tí àyẹ̀wò fi hàn. Àwọn obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ké orúkọ Jésù, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, “Bíbélì mi ló wà lórí tábìlì yẹn. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà hàn mí.”

Ó ní, “Ẹ̀mí kọjá ìwé, Ìyá.”

Mo yíjú sí ọmọ mi. “Ṣé ìwọ náà gbà á gbọ́?”

Ilẹ̀ ló ń wò. “Màámi, ẹ ṣáà tú u. Mi ò ní bínú. Mo ti dárí jì yín.”

Ní gbogbo ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá yẹn, ìdáríjì yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Mi ò sunkún lójú wọn. Mo ní kí wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀, nítorí àkàsọ̀ ibẹ̀ ti gbó. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo gbé aṣọ akọrin kan tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ọkọ ọmọ mi tẹ̀ mí láago lọ́jọ́ kejì. Ọmọlúwàbí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà á. “Mà, ẹ má bínú. Mo bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ díẹ̀.” Mo ní ó dáa. Ó fi í sílẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, èmi náà fi í sílẹ̀. Tí mo bá pè é, kì í gbé fóònù.

Ọ̀rọ̀ bí irú èyí kì í gbé inú ilé. Àwọn tó gbọ́ igbe orúkọ Jésù lọ́jọ́ yẹn bi ara wọn léèrè, wọ́n sì rí ẹni dá wọn lóhùn. Ìyá akọrin kan wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀ tí mi ò tíì ká etí rẹ̀ tán, ó ní òun máa fún ẹlòmíràn ṣe. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ń kí mi, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Tí mo bá gba iwájú Iga Idunganran, ààfin Ọba Èkó, kọjá lọ sọ́jà, àwọn tí mo mọ̀ láti kékeré máa kí mi, wọ́n á sì tún fi ojú sìn mí.

Àlàájá ló ṣe nǹkan kan nígbà náà tí mi ò lè gbàgbé. Ó ké sí mi láti ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé ebi ń pa òun, ṣé mo ní nǹkan jíjẹ? Mo gbé ìrẹsì sọ̀kalẹ̀ fún un. Kò wọlé. Ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ojúlé ti lè rí i, ó jẹ ẹ́ tán níṣojú wọn, ó sì ní kí n bu sí i. Bí mo ṣe ń gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Àwa náà ní tiwa. Àfáà kan sọ irú rẹ̀ fún àbúrò mi nípa ìyàwó ọmọ rẹ̀. Títí dòní, ilé yẹn kò rọgbọ.”

Ṣùgbọ́n Àlàájá ní ọjà tó ń lọ. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, èmi àti sípíkà yẹn ló kù. Ọmọ mi wà níbẹ̀, kò tó ìwọ̀n ibi tí mo lè ju òkúta dé. Ó ń sọdá láti Màrínà, ó ń gba ẹ̀yìn ilé mi kọjá, ó ń gòkè lọ sí họ́ọ̀lù, kì í sì yà. Mo gbọ́ tí wòlíì ń sọ nípa “àwọn ìyá tó ń jẹ ọjọ́ ọ̀la ọmọ wọn”, mo sì gbọ́ tí gbogbo èrò ń ṣe àmín. Mo máa ń dá máṣíìnì dúró láti tẹ́tí sí àmín yẹn, bóyá mo lè mọ ohùn ọmọ mi nínú rẹ̀. Ooru kì í jẹ́ kí n lè ti fèrèsé. Bí mo bá sì ní kí n sọ òótọ́, bí atẹ́gùn tilẹ̀ wà, mi ò ní tì í.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, a máa ń ní kíláàsì Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ń kọ́ wa. Lọ́jọ́ kan, ó mú ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì èké. Ó kà láti inú Jeremáyà nípa àwọn tí Ọlọ́run kò rán tí wọ́n sì ń sáré, tí wọ́n ń pe àlá ọkàn ara wọn ní ọ̀rọ̀ Olúwa. Ó ka ohun tí Mósè sọ, pé bí ọ̀rọ̀ wòlíì kò bá ṣẹ, kí ènìyàn má bẹ̀rù rẹ̀. Ó ka ti Olúwa wa, nípa ìkookò tó wọ awọ àgùntàn, àti pé èso la fi ń mọ igi. Ó ka ti Jòhánù, pé kí a dán ẹ̀mí wò. Gbogbo wọn ni mo ti mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń gbọ́ wòlíì ni gbogbo ìkìlọ̀ náà ń bá wí.

Mo na ọwọ́ sókè. “Ẹ jọ̀ọ́ sà. Wọ́n ní kí ẹni tó ń gbọ́ wòlíì èké ṣọ́ra. Ẹni tí wòlíì èké náà wá ń parọ́ mọ́ ńkọ́? Kí ni Bíbélì ní kí òun ṣe?”

 Gbogbo wọn ló mọ ìdí tí mo fi béèrè. Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n rò ó wò.”

Nígbà tí a ń lọ, ó dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ó ní, “Wọ́n sọ fún Olúwa wa pé agbára èṣù ló fi ń lé ẹ̀mí èṣù jáde. Àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an wá láti mú un, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ó fi òwe dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tó ti bá wọn jà lórí ìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe lọ. Ẹ jẹ́ kí èyí bá yín délé.”

Ó bá mi délé. Mo fi ṣe ìrọ̀rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìtùnú kì í bá ènìyàn jẹun, kì í béèrè pé, “Màámi, ṣé iyọ̀ kò pọ̀ jù?”

Ìgbà òjò wá, ó lọ. Wòlíì ti sọ fún ọmọ mi pé kí òjò tó dá, yóò lóyún. Òjò dá.

Lẹ́yìn náà, ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo ń ká etí aṣọ nídìí fèrèsé, mo sì gbọ́ tí wòlíì pe obìnrin kan jáde. Ó ní òun rí ìyá rẹ̀. Ó ní òun rí obìnrin kan tó ń fi òwú so ilé ọmọ rẹ̀, tó sì ti gba ìpín rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ. Bó ṣe sọ ọ́ nínú yàrá mi ló tún ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí máṣíìnì.

Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà nínú sípíkà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. “Sà, ìyá mi ti kú. Ọjọ́ tó bí mi ló kú.”

Họ́ọ̀lù náà dákẹ́ lọ gbáà. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Wòlíì ní, “Mo mọ̀. Inú ibojì ló ti ń so ó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi le.” Ẹnì kan ṣe àmín. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, kò sì pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo dìde, mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà iwájú títí ìsìn fi parí. Mo rí àwọn èrò ìsìn náà tó ń kọjá lọ. Ọmọ mi kò yà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e náà, mi ò rí i. Mo ti gbà pé àmín yẹn ti gbé e lọ ni, nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan.

“Màámi, ẹ kú iṣẹ́.”

“Ìwọ náà kú iṣẹ́. Wọlé.”

Ó ti rù. Ó jókòó sórí àpótí tí Àlàájá jókòó lé lọ́jọ́sí. 

“Ṣé ẹ máa ń gbọ́ wọn láti ibí?”

“Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́.”

“Ẹ gbọ́ ti obìnrin yẹn?”

“Mo gbọ́.”

Ó fi ọwọ́ bo ojú. “Èmi náà ṣe àmín, Màámi. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo gbé e dìde. Ó fẹ́ ká sọ ọ́ látòkè délẹ̀, èmi ò fẹ́. Mo ní kó lọ bọ́jú. Ó jẹun kó tó lọ. Mo rí i pé ó kọ́kọ́ dúró díẹ̀, tó wo ṣíbí kó tó gbé e sẹ́nu, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà mọ̀ pé mo rí i. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìdúró díẹ̀ yẹn kò tíì tán pátápátá. Ó ń wá, ó ń pè mí, a ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì bímọ. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí òwú tí mò ń ká, tó sì yára gbójú kúrò. Ó ti mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí irọ́ náà gbé wá kò tíì mọ̀.

Wòlíì náà kó kúrò kí ọdún tó parí. Wọ́n ní ó ti rí ibi tó tóbi ju ibẹ̀ lọ ní òdìkejì afárá. Àwọn tó ń ta bàtà ló wà ní họ́ọ̀lù náà báyìí.

Obìnrin tí wọ́n ní ìyá rẹ̀ ń so ó láti ibojì ni kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bi ọmọ mi bóyá ó mọ ilé rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, Ìsàlẹ̀ Èkó níbí náà ni. A jọ lọ. Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó kí wa dáadáa. Mo sọ fún un pé èmi náà ni wòlíì yẹn sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an nípa rẹ̀, òwú àti ìkómọ, pé mo wà láàyè, ó sì lè bi mí ní ohunkóhun.

Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Mà. Wòlíì ti sọ fún mi pé àwọn kan máa wá.” Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

 Ní ọ̀nà ilé, mò ń ronú nípa ìyá tó kú lórí ìkúnlẹ̀, tí kò rí ẹni bá a wí tẹnu rẹ̀. Nígbà tí a dé Adéníji Adélé, ọmọ mi di ọwọ́ mi mú títí a fi sọdá títì. Bọ́ọ̀sì Ṣómólú ti ń pèrò. Ó ní, “Màámi, ẹ rọra máa lọ o.” Mo dúró títí ọkọ̀ náà fi gbéra, mo wá ra búrẹ́dì díẹ̀, mo sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n.